Àlọ́ Ọjọ́ Jimọ́ àti Ẹni Tó Ń Dáhùn

Ìyá tó tọ́ mi dàgbà ní òfin kan tí kì í fi ṣeré. Bó bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, tó ní "Àlọ́ o!", a gbọ́dọ̀ dáhùn "Àlọ̀!" kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Bí oorun bá ti ń kùn wá, tí ìdáhùn wa kò ta létí rẹ̀ dáadáa, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, á wọlé lọ. Kò ní bínú, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí. Ìtàn ti kú nìyẹn títí di ọjọ́ mìíràn. Nígbà kan, èmi fúnra mi pàlọ́, mo sì tún dáhùn nítorí pé àwọn yòókù ti sùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní wèrè nìkan ló ń pàlọ́ tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì lè rìn dáadáa, ó wá gbé mi lọ sí Ìlárá, ibẹ̀ ni mo gbọ́njú sí. Ìyá Ìlárá ni gbogbo ẹbí ń pè é. Obì ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tà. Á rà á lóko, á rẹ ẹ́ sómi, á bó o, á ṣà á, á fi ewé dì í sínú agbọ̀n, á sì kó o lọ sí Sábó ní Ṣàgámù fún àwọn Haúsá tó ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Òórùn obì tútù kò kúrò lára aṣọ rẹ̀ rí, àní aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pàápàá.

Èmi di tíṣà. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Ìpẹ̀rú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀ nínú kíláàsì mi. Mo bá wọn jà títí ó fi sú mi. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn nínú. Ńṣe ló dà bí kí o máa gbé oúnjẹ síwájú ẹni tó ti yó.

Nínú àárẹ̀ náà ni ìtàn kan wọ̀ mí lára. Ọmọbìnrin kan ń ta káàdì fóònù ní gáréèjì Ṣàgámù. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé bó bá ń polówó, igi obì tó wà lóko á máa ju èso sílẹ̀. Obìnrin kan tí kò ní òjìji gbọ́ ohùn yìí, ó jí i, ó fi í pamọ́ sínú ẹyọ obì gbànja kan, ó sì ju obì náà sínú agbọ̀n láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún obì mìíràn. Tírélà gbé agbọ̀n náà lọ. Ọmọbìnrin náà, tí kò lè ké mọ́, tí kò lè pe ẹnikẹ́ni, gun tírélà mìíràn tẹ̀ lé e. Ó gba ìlú kan kọjá tí wọ́n ti ń ta oorun ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dé orí afárá kan tó jẹ́ pé òjìji lèèyàn fi ń sanwó ibodè. Ó dé ìdí ẹ̀rọ báǹkì kan tí kì í pọ owó. Ọdún tó kù fún èèyàn láyé ló ń pọ̀. Àlọ́ ni, àmọ́ àlọ́ ayé òde òní ni, ó sì gùn tó odindi ìwé.

Àwọn òǹtẹ̀wé tí mo gbé e lọ bá ní kí n gé e kúrú kó di ìwé ọmọdé, tàbí kí n kúkú kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé ẹrù mi, mo bá tèmi lọ. Mo pinnu pé abala abala ni màá máa gbé e jáde, bí a ṣe ń bu gàrí fún ọmọ, díẹ̀díẹ̀, kó lè máa béèrè sí i. Ohun tí mo fẹ́ nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìtàn náà dé òpin, kí etí ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tó máa gbọ́ ọ.

Ìwé ìròyìn Yorùbá kékeré kan wà ní Ṣàgámù nígbà náà. Olóòtú rẹ̀ gbà mí láàyè ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Onínúure èèyàn ni, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá mú abala tuntun wá ló máa ń họ orí.

"Tíṣà, ó dùn o," ló máa ń wí. "Àmọ́ ṣé ẹ ò lè fi olóṣèlú kan sí i? Kó kàn yọjú lásán."

Mi ò fi olóṣèlú kankan sí i. Bóyá ìyẹn ló pa ìwé ìròyìn náà, mi ò mọ̀. Ó kàn dé ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò gbé e jáde, ọ̀sẹ̀ kejì náà kò jáde, ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Nínú ìtàn mi, ojú ọ̀nà Òkè Ọya ni tírélà ṣì wà, ọmọbìnrin náà wà lórí rẹ̀ láàárín àwọn agbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ra àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìtàn mi ni wọ́n fi wé e fún mi. Epo ti mu ún débi pé èmi tí mo kọ ọ́ kò lè kà á. Ó dùn mí wọra.

Mo wá kó àwọn ọ̀rẹ́, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí mo ti kọ́ níwèé rí àti Ìyá Ìlárá fúnra rẹ̀ jọ sínú gúrúùpù kan lórí Wáàsápù. Gbogbo ọjọ́ Jimọ́, bí ilé ìwé bá ti parí, màá gbé abala tuntun jáde. Mo sì gbé òfin Ìyá Ìlárá síbẹ̀: màá kọ́kọ́ kọ "Àlọ́ o", bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn "Àlọ̀", kò sí ìtàn. Inú wọn dùn sí i. Ní Jimọ́ àkọ́kọ́, "Àlọ̀" rọ̀ bí òjò. Inú mi náà dùn, mo tiẹ̀ ń rò ó pé àwa Rẹ́mọ ṣì mọ ohun tó dára.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé wọn kì í kà á. Àwa èèyàn orí Wáàsápù, bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn díẹ̀, àdúrà la máa ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́ pé obìnrin tí kò ní òjìji gbé ọmọ jòjòló kan mì, ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ní, "Àmín ní orúkọ Jésù." Èkejì ní, "Àmín o, á kárí." Ẹ̀kẹta fi àwòrán àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ránṣẹ́, ó ní ká tètè ra tiwa kó tó tán. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, inú bí mi. Ọmọ jòjòló tí mo ronú lé lórí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ní kó kárí gbogbo wa.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni wọ́n ń jáde kúrò nínú gúrúùpù náà. Tíṣà kan tí ìjókòó wa jọ kángun síra sọ fún mi ní ojúkojú pé ẹ̀rù àjẹ́ inú ìtàn náà ń ba òun. Òmíràn ní dátà òun ni kò gbé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn lọ, bí àlejò tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí ẹnikẹ́ni má baà ní kó dúró jẹun. Èmi náà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀? Àlọ́ kì í ṣe owó orí tí wọ́n ń fipá gbà.

Ẹni kan ṣoṣo ló dúró, Ìyá Ìlárá ni. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè kàwé mọ́, nítorí náà ohùn ni mo fi ń ka abala kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ kí ohùn lè wọlé. Bí mo bá ti pàlọ́ báyìí, ìdáhùn rẹ̀ á dé, "Àlọ̀ ọọọ!", ní ohùn arúgbó rẹ̀, pẹ̀lú igbe ewúrẹ́ àti ariwo odó aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ abala náà tán, á pè mí láti bá mi jiyàn.

"Tíṣà," ló ní lọ́jọ́ kan. Bó bá fẹ́ yọ mí lẹ́nu ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Irú obì wo lo ní wẹ́n fi ohùn ọmọ ọlọ́mọ sí?"

"Gbànja ni, Màmá."

"Gbànja tó la méjì péré? Níbo ni ohùn á jókòó sí? O ò bá fi í sínú abàtà, kó lè rí yàrá mẹ́rin gbé."

"Abàtà kì í bá tírélà lọ sí Òkè Ọya, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni," ló ní. "Á jẹ́ pé ó há mọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Áà, ọmọ náà mà ṣe mí láàánú o."

Èmi ni mo kọ ìtàn náà, àmọ́ àánú rẹ̀ kò ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ rí kó tó sọ ọ́.

Nígbà tó yá, àwa méjèèjì péré la kù nínú gúrúùpù yẹn. Mo máa ń ṣí i, màá rí orúkọ mi, màá rí orúkọ rẹ̀, ojú á sì tì mí bíi pé ẹnìkan ń wò mí. Mo lọ sí Ìlárá ní Sátidé kan, mo gun ọ̀kadà láti Ìpẹ̀rú. Ó ti se ìkọ́kọrẹ́ dè mí, ó bù ú fún mi tán, ó jókòó tì mí kó lè máa rí i bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo sọ fún un pé ó ti sú mi.

"Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ bó ṣe parí fún yín níbí, kí n sì jáwọ́ nínú rẹ̀."

Kí n tó la ẹnu padà, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, bí a ṣe ń bo ẹnu ọmọ tó fẹ́ tú àṣírí ilé níwájú àlejò. Ọwọ́ rẹ̀ le kokooko, obì ti pa á láró.

"Má sọ ọ́ o! Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ọwọ́ mi ò lè bó obì mọ́. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí n dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ilé á jáde lọ láàárọ̀, wẹ́n á fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́. Jimọ́ rẹ nìkan ni mò ń retí. Tó o bá sọ ọ́ tán lónìí, kí ni màá máa retí?"

"Ẹ ò fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà rí ohùn rẹ̀ gbà?"

"Á rí i nígbà tó bá rí i. Jẹun. Ẹni tó ń retí nǹkan kì í tètè kú."

Mo jẹun. Mo padà sí Ìpẹ̀rú, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Mi ò ní purọ́: inú mi kò dùn. Òǹkọ̀wé wo ló ń fẹ́ òǹkàwé kan ṣoṣo, tó tún jẹ́ ìyá rẹ̀? Síbẹ̀ mò ń kọ ọ́, nítorí pé ẹnìkan ń retí mi.

Ní Jimọ́ kan, mo fi ohùn mi ránṣẹ́, "Àlọ́ o", gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, kò sì sí ìdáhùn. Àmì kékeré méjì ló máa ń yọ bí ọ̀rọ̀ bá dé inú fóònù rẹ̀. Ẹyọ kan ló yọ lọ́jọ́ náà. Mo ní iná ni kò sí ní Ìlárá, fóònù rẹ̀ ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ilé kan náà la jọ dàgbà sí, ó sì ti wá di èèyàn ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní Màmá ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù, wọ́n tún gbé e padà wálé. Dókítà ní ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà. Nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀, ó gbé ojú sókè wò mí, ó mọ̀ mí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wólẹ̀ kí i.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o ti rí i báyìí?" ló ní. "Ìwọ lo kọ ọ́ pé wẹ́n gbé ohùn obìnrin pamọ́ sínú obì. Obì ni màmá mi ń tà. Ohùn ta ni wẹ́n wá gbé pamọ́ báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà sọ tirẹ̀. Èmi náà sọ tèmi."

Ó sọ fún mi pé pásítọ̀ wọn ti wá. Wọ́n ti nu gbogbo ohùn mi kúrò nínú fóònù Màmá, wọ́n sì ti fi òróró yà á sí mímọ́. Fóònù náà wà lórí tábìlì, ó ń dán fún òróró. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí màá fi dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo wo fóònù, mo wo Màmá, òun náà ń wò mí, omi kan sì ń ṣàn jáde ní ojú rẹ̀ òsì.

Mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Lórí ọ̀kadà, mo sọ ọ́ fún ara mi pé mi ò gbà á gbọ́. Mo délé, mo ṣí ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mò ń kà á wò bóyá gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí n kọ. Mi ò rí ọ̀kankan. Mo tún un kà. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi pé ẹ̀rù ń bà mí.

Mo wá jókòó, mo kọ òpin rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dé ọjà kan ní Òkè Ọya, ó ń la obì lọ́kọ̀ọ̀kan, èékánná rẹ̀ pọ́n, títí ó fi kan gbànja tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó la ẹnu, ó sì pe ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀. Gbogbo igi obì ní Rẹ́mọ dáhùn, wọ́n ju èso sílẹ̀. Mi ò ní oògùn kankan tí mo lè gbé lọ fún Màmá. Ohun tí mo ní nìyẹn.

Mo yan ìrọ̀lẹ́ Jimọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ súnmọ́ ibùsùn, mo jókòó.

"Àlọ́ o," ni mo wí.

Ojú rẹ̀ là. Mo rí i pé ó gbọ́ mi. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì, ọrùn rẹ̀ le, gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ ló kó sẹ́nu. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó tún gbìyànjú, kò sì rí i ṣe. Mo dúró títí, mo ń retí rẹ̀ bó ṣe máa ń retí wa nígbà èwe, ewúrẹ́ ń ké lóde, mi ò sì lè gbé àpótí kí n wọlé lọ.

"Àlọ̀," ni mo wí. Èmi fúnra mi ni mo dá ara mi lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣí fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà. Mo kà á dé ọjà, mo kà á dé ibi tí èékánná ọmọ náà ti pọ́n. Bí mo ṣe kà á pé ó mú obì náà lọ́wọ́, Màmá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí aṣọ ìbora, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù mi.

Mo rọra gbìyànjú láti gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó ṣì fẹ́ ní nǹkan tó máa retí ni, tàbí kò lè fara da kí ọmọ ẹlòmíràn rí ohùn rẹ̀ gbà lójú òun. Mi ò lè bi í, kò sì lè sọ ọ́. Mo pa fóònù náà. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi dé.

Màmá kú láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí Jimọ́ mìíràn tó dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ sin ín dáadáa. Wọ́n gbé obì fún àwọn àlejò nínú abọ́, gbànja pupa, ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé òun ló ṣà á. Abọ́ náà kàn mí, mo sì gbé e fún ẹni tó jókòó tì mí.

Òpin ìtàn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní Jimọ́ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti lọ tán, mo ṣí gúrúùpù náà nínú kíláàsì òfìfo. Orúkọ àwa méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ "Àlọ́ o" síbẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Àmì ẹyọ kan yọ níwájú rẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó bóyá á di méjì.